Òru àti Èéfín: Ohun tí ń Jẹ Òṣìṣẹ́ Ìbàdàn Láìpariwo



Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2024, ìró ńlá kan dún ní Bódìjà. Àwọn tí ó jìnnà sí ibẹ̀ gbọ́ ọ, ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì mì tìtì. Ilé wó, ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Seyi Makinde, sọ fún gbogbo ìlú pé àwọn tí ń wa kùsà láìgba àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan ládùúgbò náà. Ní òru náà gan-an ni àwọn adóòlà ẹ̀mí dé, àwọn oníṣègùn sì dìde. Bí ó sì ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìbúgbàmù mìíràn wà ní ìlú yìí tí kò ní ìró. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń bú, àti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti inú ọpọlọ ọmọdé. Nítorí pé kò pariwo, kò sí ẹni tí ń sáré wá. Bí ó bá gbé ènìyàn lọ lẹ́yìn ogún ọdún, a ó ní àìsàn ni ó ṣe é. Bóyá a tilẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn àgbà wí pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ibi tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣe ń wọ ara òṣìṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà wọlé: èkínní ni iṣẹ́ tí ń gba òru lọ́wọ́ ènìyàn, èkejì ni èéfín, eruku àti májèlé tí a ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1700, oníṣègùn ará Ítálì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernardino Ramazzini, ẹni tí ń kọ́ni ní ìlú Modena, tẹ ìwé kan jáde nípa àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣègùn ti ń bi aláìsàn léèrè ibi tí ó ń dùn ún àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ramazzini fi ìbéèrè kan kún un: iṣẹ́ wo ni ìwọ ń ṣe? Ó wo àwọn tí ń kó ṣáláńgá, ó wo àwọn amọ̀kòkò tí ń fi òjé dán ìkòkò, ó sì wo àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n ń fi òru ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo ìlú ń sùn. Ó ti lé ní 300 ọdún; síbẹ̀, àwa gbà pé ìbéèrè náà kò tíì dé ẹnu wa tó ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti òru. Nígbà tí a bá ti pa fìtílà, tí a sì ti ìlẹ̀kùn, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó sùn. Ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957, àwọn nọ́ọ̀sì ń pín wákàtí mẹ́rìnlélógún láàrin ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣíìfù: ẹni tí ó ṣe ti òwúrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè ṣe ti ọ̀sán tàbí ti òru ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ẹnu géètì Bódìjà àti ti àwọn ilé tí ó yí Ring Road ká, ọlọ́dẹ jókòó, ó la ojú sílẹ̀. Ní Agbówó, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun. Ní Dùgbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́. Ní Challenge, awakọ̀ tí ń lọ sí Èkó ti ń pe èrò kí àkùkọ tó kọ. Bí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, a kì bá tí rí oògùn, a kì bá tí rí búrẹ́dì, a kì bá sì tí lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.

Àmọ́ ènìyàn kì í ṣe òwìwí. Agogo kan wà nínú ọpọlọ wa, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, agogo yìí a jẹ́ kí omi ara kan tí à ń pè ní melatonin sun sínú ẹ̀jẹ̀. Ara a tutù díẹ̀, iṣẹ́ inú a rọlẹ̀, ojú a sì wúwo. Ní ọdún 2017, a fi ẹ̀bùn Nobel dá àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta lọ́lá, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, nítorí pé wọ́n fi eṣinṣin kékeré tí ń bà lé èso ṣe ìwádìí bí agogo yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú ohun ẹlẹ́mìí.

Ẹni tí ó ń fi òru ṣiṣẹ́ ń bá agogo yìí wọ ìjàkadì. Ó jẹun láàrin òru nígbà tí ara kò múra àti gbà á, ṣúgà inú oúnjẹ náà a sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó fẹ́ sùn, ara ní ọjọ́ ti yọ. Oorun ọ̀sán kì í sì í gùn bí ti òru. Bí èyí bá ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn a máa pọ̀ láàrin irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju láàrin àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán lọ. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Denmark, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, sì fi hàn pé ewu kí oyún bàjẹ́ pọ̀ sí i lára àwọn aboyún tí ó ṣe iṣẹ́ òru ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kéde ní ọdún 2007, ó sì tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2019, pé ó jọ pé iṣẹ́ òru wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí ó ṣiṣẹ́ òru ni yóò ní àrùn náà. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí ọlọ́gbọ́n fi ojú fò ó dá.

Ewu mìíràn wà tí kì í dúró de ogún ọdún. Àwọn baba wa wí pé òru kò mọ olówó. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀mọ̀wé. Ìjàmbá Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979, ìjàmbá Bhopal ní Íńdíà ní ọdún 1984, àti ìjàmbá Chernobyl ní ọdún 1986, òru ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àìsùn nìkan ni ó fa wọn, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ojú tí oorun ń kùn a máa rí ohun kan fún òmíràn? Bí ó ti rí fún ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún awakọ̀ lójú ọ̀nà Èkó àti fún nọ́ọ̀sì tí ń wọn oògùn fún ọmọ ọwọ́ ní agogo mẹ́rin ìdájí. Àwọn kan a máa jẹ obì kí oorun lè dá lójú wọn. Obì kò fún ènìyàn ní oorun. Ó kàn ń yá a lọ́wọ́ ọ̀la ni, ọ̀la a sì bèèrè gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti èéfín àti eruku. Ẹni tí ó bá rìn kọjá ní Agbówó, lódìkejì ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí a sì ti ń di í pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ta ni lójú. Bí a bá fà á símú, ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ ìyè nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ ìyè lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 200. Bí ó bá kéré, orí fífọ́ àti òòyì ni a ó rí, a ó sì rò pé ibà ni. Bí ó bá pọ̀, ènìyàn a sùn, kò sì ní jí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ńlá. Níbo ni ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yín sí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, a gbé e jìnnà sí yàrá olówó ilé kí ariwo rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì gbé e sún mọ́ géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kékeré tí ọlọ́dẹ ń gbé. Ọlọ́dẹ náà a fi òru ṣọ́ wa, a sì fi èéfín san ẹ̀san fún un.

Ní ọjà pákó Bódìjà, ayùn ń ké láti òwúrọ̀, lẹ́búlẹ́bú igi sì bo irun àti ìpéǹpéjú àwọn tí ń là á. Láti ọdún 1995 ni àjọ Lyon tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti kéde pé eruku igi a máa fa jẹjẹrẹ nínú ihò imú. Ní ọdún 2012 ni wọ́n kéde bákan náà nípa èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì, pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín yìí sì ni àwọn tí ń tajà lẹ́bàá títì ní Dùgbẹ̀ àti ní ìkóríta Challenge ń mí láti àárọ̀ títí di alẹ́, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ní ti àwọn alápatà, Simeon Cadmus àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 pé wọ́n rí kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù lára àwọn ènìyàn pẹ̀lú ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ lásán ya ẹ̀dọ̀fóró màlúù, tí ó sì ń fà èémí ibẹ̀ símú, ó yẹ kí ó mọ èyí.

Májèlé kan sì wà tí kì í dúró ní ibi iṣẹ́. Òjé ni. Ní Olódó, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú wa, a da ìdàrọ́ ilé iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ sí ilẹ̀ gbangba. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladele Osibanjo wà lára wọn, yẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé òjé ti bà á jẹ́. Ọdún 2009 ni a tẹ ìwádìí náà jáde. Ohun tí òjé lè ṣe, gbogbo Nàìjíríà rí i ní Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí àwọn tí ń wa góòlù kó òkúta wá sí àgbàlá ilé wọn láti lọ̀ ọ́. Òjé wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọdé tí ó kú lé ní 400. Bàbá ni ó jáde lọ wá oúnjẹ. Ara ọmọ ni ikú tí ó bá a wálé bà lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wí pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ tí kò lè pa ọmọ lára. Nítorí náà, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ń tú bátìrì, bí ẹ bá fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ yín mọ́ra, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ẹ fi ń kàn án lára.

Ẹ jẹ́ kí a so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nísinsin yìí, nítorí pé lára ẹnì kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Nọ́ọ̀sì tí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru padà sí yàrá rẹ̀ ní Agbówó. Ó fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ gbóná, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń ké, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ó bá ti fèrèsé, ooru. Bí ó bá ṣí i, èéfín. Òru gba oorun rẹ̀, ọ̀sán kò sì dá a padà fún un. Ní alẹ́, yóò tún wọ aṣọ funfun rẹ̀, yóò tún lọ tọ́jú ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, ṣé yóò bi í léèrè irú oorun tí ó ń sùn?

A mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé: bí a kò bá ṣe iṣẹ́ náà, kí ni a ó jẹ? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì fi ṣe ẹ̀sín. Kò sí ẹni tí ó ní kí UCH ti ìlẹ̀kùn ní alẹ́, tàbí kí alápatà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kì í ṣe dandan kí iṣẹ́ tí ń bọ́ ara tún jẹ ara. Ẹ̀rí sì wà pé a lè dín ibi náà kù. Láyé àtijọ́, a máa ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù ọkọ̀ káàkiri ayé. Orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn òmíràn kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú kọ̀ ọ́ sílẹ̀, títí Àlùgẹ́ríà tí ó kẹ́yìn fi dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní ọdún 2021. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, a fún àwọn kan nínú àwọn aboyún 324 ní ààrò tí ń lo ethanol dípò kẹrosíìnì àti igi. Ìwádìí náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó lo ààrò náà sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìyá tí ń dín àkàrà tà, tí ń ro ọkà tà, kò yẹ kí a ka èéfín sí ìpín rẹ̀ láéláé.

Kí ni kí a wá ṣe? Fún òṣìṣẹ́ òru: ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá yín, kí agogo inú ara lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ má jẹ obì nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ sí òpin. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn ní òwúrọ̀ tí ẹ ṣíwọ́. Fún àwọn oníṣẹ́ pákó, bátìrì àti ẹran: ẹ bo imú pẹ̀lú ìbòmú gidi, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ rí oníṣègùn: bí kò bá bi yín ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ẹ sọ ọ́ fún un.

Fún agbanisíṣẹ́: ẹ má ṣe to òru púpọ̀ léra fún ẹnì kan. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ṣíìfù, ẹ jẹ́ kí ó máa ti òwúrọ̀ bọ́ sí ọ̀sán, kí ó ti ọ̀sán bọ́ sí òru, nítorí ọ̀nà yẹn ni ó rọ ara lọ́rùn. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ̀dá èyíkéyìí ń sùn, ìbáà jẹ́ ọlọ́dẹ. Kí ẹ sì rántí pé òfin kan wà tí a ṣe ní ọdún 2010 fún owó gbà-má-bínú àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò kan, kí a lè ti ibẹ̀ ran ẹni tí iṣẹ́ bá fún ní ọgbẹ́ tàbí ní àrùn lọ́wọ́. Ẹni tí ń yẹra fún owó yìí, ara òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ná.

Fún àwa tí a jẹ́ ìjọ, ọ̀rọ̀ kan kù. A ń ṣe ìṣọ́ òru, a sì ń lo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kí a ronú sí ẹni tí ó ti ṣọ́ òru mẹ́fà nítorí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kí a má ṣe ka àìwá rẹ̀ ní òru keje sí ìgbóná ọkàn tí ó tutù. Kí a sì wo ẹ̀yìn ògiri wa, bóyá fèrèsé aládùúgbò kan ni ẹnu èéfín wa kọjú sí.

Ẹ̀yin ará, a kò bèèrè ohun tí ó ju agbára lọ. Bí ẹ bá ti ibí délé, ẹ bi gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yín, àti ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé yín, ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ìgbà wo ni o ń sùn? Kí ni o ń fà símú? Kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn. Ohun tí kò ní ìró, àfi kí a bèèrè kí a tó lè gbọ́ ọ.